Olè Òru Nínú Ẹ̀dọ̀fóró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó bá dé inú ọgbà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó bá odidi ẹlẹ́dẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, yóò figbe ta pé òru àná ni ẹran náà já wọlé. Kò ní rántí pé imú ni ó kọ́kọ́ wọ̀, pé ọjọ́ tí imú wọ̀ ti pẹ́, àti pé kò sí ojú tí ó rí i lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró rí, pàápàá jù lọ irú rẹ̀ kan tí àwọn oníṣègùn gbà pé ó yára ju àwọn yòókù lọ. Ènìyàn lè wà tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Kí oṣù Kẹta tó parí, wọ́n ti sin ín. Ìyára yìí gan-an ni àwọn ará ilé kì í lè gbà gbọ́. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn á ní dókítà ni ojú rẹ̀ fọ́ sí ohun tí ó yẹ kí ó tètè rí.

Bí a bá ń wá ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi ọ̀ràn yìí hàn kedere, ó ṣòro kí a rí ẹni tí ó ju Evarts Graham lọ. Ará Amẹ́ríkà ni, ìlú Chicago ni a bí i sí ní ọdún 1883. Láti ọdún 1919 títí di 1951 ni ó fi jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ ní Yunifásítì Washington, tí ó wà ní ìlú St. Louis. Ní ọdún 1918, nígbà tí àìsàn àyà ń pa àwọn ọmọ ogun ní àgọ́ wọn, ó wà lára àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì fi hàn pé bí oníṣẹ́-abẹ bá kánjú la àyà aláìsàn láti fa ọyún inú rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé lè pa á kí àrùn tó pa á. Ẹni tí ó mọ inú àyà ènìyàn dunjú ni, bí ọdẹ ṣe mọ igbó baba rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọdún 1933, wọ́n gbé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Gilmore wá síwájú rẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn Barnes. Dókítà ni Gilmore fúnra rẹ̀, ìlú Pittsburgh ni ó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn aláboyún ni ó sì ń tọ́jú. Kókó jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti apá òsì. Kí ọjọ́ iṣẹ́-abẹ náà tó pé, ó ti kọ́kọ́ padà sílé lọ ṣètò ara rẹ̀: ó ní kí oníṣègùn eyín bá òun dí àwọn eyín òun tí ó ti lu, ó sì ra ilẹ̀ tí wọn yóò sin òun sí. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin náà. Eyín tí yóò fi jẹun bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ bá a, àti ilẹ̀ tí yóò sùn sí bí kò bá mọ́ bá a, ó pèsè méjèèjì sílẹ̀.

Apá kan ẹ̀dọ̀fóró náà ni Graham ní lọ́kàn láti gé. Nígbà tí ó la àyà tán, ó rí i pé ibi tí ọ̀nà èémí ti pẹ̀ka gan-an ni kókó náà fara tì, àti pé bí òun bá gé apá kan, òun yóò fi gbòǹgbò sílẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, kò sí aláìsàn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ti yọ odidi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà tí ó sì yè é. Graham yọ ọ́. Ó gé lára àwọn egungun ìhà pẹ̀lú, kí àyà lè rọ̀ wọlé, kí ó dí àlàfo tí ó ṣẹ́ kù. Gilmore yè, ó padà sí Pittsburgh, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́-abẹ ti mọ̀ pé ọ̀bẹ lè dé ibi tí wọ́n rò pé kò lè dé.

Graham ń mu sìgá ní gbogbo àkókò yìí, ó sì ń mu ún gidigidi. Nígbà tí Alton Ochsner, oníṣẹ́-abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú New Orleans, ń tẹnu mọ́ ọn pé sìgá ni ó wà nídìí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ó ń pọ̀ sí i, Graham fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀: ó ní ọjà ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù tí àwọn obìnrin ń wọ̀ náà ń gbèrú bí ọjà sìgá ṣe ń gbèrú. Ẹ̀fẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ òpè, nítorí pé ohun méjì lè jọ máa ga sókè láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Ernst Wynder, wá bá a pé òun fẹ́ lọ máa bi àwọn aláìsàn léèrè bí wọ́n ṣe ń mu sìgá tó, Graham kò lé e padà. Wọ́n jọ ṣe é ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ọdún 1950, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lórí aláìsàn 684. Sìgá ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ó yẹ kí a yin Graham níhìn-ín, nítorí pé àgbàlagbà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé tí ó já ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ nírọ́ kò wọ́pọ̀. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi pa sìgá tì.

Ní ìgbà òtútù tí ó so ọdún 1956 pọ̀ mọ́ 1957, ara Graham kò yá. Ó dà bí òtútù lásán tí ń mú gbogbo ènìyàn nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán X-ray àyà rẹ̀, jẹjẹrẹ ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì. Ó kọ̀wé sí Ochsner, ẹni tí ó ti fi ṣẹ̀fẹ̀ rí, ó sì sọ fún un pé bí olè ní òru ni àrùn náà ṣe yọ́ wọlé tọ òun wá. Ó ní ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí òun ti jáwọ́ nínú sìgá, àmọ́ àádọ́ta ọdún ni òun ti fi mu ún. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn yìí kò rí ibi kankan tí wọn ì bá ti fi ọ̀bẹ kan òun, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò yọ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kí èémí má bọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ọdún 1957, ó kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó pé ẹni ọdún 74.

Orúkọ kan náà ni a ń pe àrùn Gilmore àti àrùn Graham. Kí ni ó wá dé tí ọ̀kan fi dúró de ọ̀bẹ, tí èkejì kò dúró de ohunkóhun?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò, kò sì ju ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe lọ. Kókó jẹjẹrẹ kì í dàgbà bí ilé tí a ń mọ, tí a ń fi bíríkì kan lé bíríkì kan. Pínpín ni ó ń pín: sẹ́ẹ̀lì kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Kí a kó gbogbo wọn jáde, kí a fi ẹyọ kan sí ihò kìn-ín-ní, méjì sí èkejì, mẹ́rin sí ẹ̀kẹta, mẹ́jọ sí ẹ̀kẹrin, 16 sí ẹ̀karùn-ún. A ti lo 31. Ihò kẹfà ń béèrè 32, bẹ́ẹ̀ ni 17 péré ni ó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. A kò tíì dé ìdajì ọpọ́n, ọmọ ayò ti tán nílẹ̀. Bí a bá rí ẹni yá wa, ihò kejìlá nìkan ni yóò gba 2,048, èyí tí ó fi ẹyọ kan ju àpapọ̀ ohun tí ó wà nínú ihò mọ́kànlá tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń da ti ihò kejìlá ni ó yọjú sí ìdí ọpọ́n yóò rò pé ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo ọmọ ayò wọ̀nyí dé.

Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá di ìlọ́po méjì ní ìgbà ọgbọ̀n, yóò lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọ̀kẹ́. Àwọn oníṣègùn a máa ṣírò rẹ̀ pé iye yìí ni ó ń wà nínú kókó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, bí hóró àgbàdo kan. Hóró àgbàdo yìí náà ni ó sábà jẹ́ ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí dáradára nínú àwòrán X-ray, bí kò bá tilẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn ọkàn tàbí sábẹ́ egungun. Bí ó bá tún di ìlọ́po méjì ní ìgbà mẹ́wàá sí i, yóò tó ìwọ̀n kìlógíráàmù kan, ẹrù tí ara kì í sábà gbé tí í fi í yè. Nítorí náà, nínú ìrìn ogójì, ọgbọ̀n ni ó ti rìn kí a tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà wo ni ìlọ́po kan ń gbà? Níhìn-ín ni Gilmore àti Graham ti yà. Ní ọdún 1956, ọdún tí ó ṣáájú ikú Graham, Vincent Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti mú àwọn àwòrán X-ray àyà tí a yà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ènìyàn kan náà, wọ́n wọn ìbú àwọn kókó inú wọn, wọ́n sì ṣírò iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi di ìlọ́po méjì. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ pọ̀. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà fún ìlọ́po kan, òmíràn ń lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pa Graham, tí a ń fi kíkéré sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá a mọ̀, lè má lò ju oṣù kan lọ. Ti Gilmore kò sí lára irú oní-sẹ́ẹ̀lì-kéékèèké yìí.

Kí a fi méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Kókó tí ó rí róbótó ní láti di ìlọ́po méjì ní ìgbà mẹ́ta kí ìbú rẹ̀ tó di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po ẹyọ kan kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kún ìbú rẹ̀, ojú sì lè fò ó. Èyí tí ń lo oṣù mẹ́fà yóò lo ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó kúrò ní sẹ̀ǹtímítà kan dé méjì, yóò sì lo ọdún mẹ́ta kí ó tó dé mẹ́rin. Èyí tí ń lo oṣù kan yóò dé méjì ní oṣù mẹ́ta, yóò sì dé mẹ́rin ní oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yára yìí pàápàá, bí a bá fi oṣù kan-kan ka ìlọ́po ọgbọ̀n rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún méjì ààbọ̀ ni ó ti lò nínú òkùnkùn. Ìṣirò orí pátákó ni èyí, ó dájú. Kókó inú ara kì í rìn lọ́gbọọgba bẹ́ẹ̀, a sì máa falẹ̀ bí ó bá ti tóbi. Síbẹ̀ ó tó láti dá ọ̀rọ̀ Graham láre. Olè náà ti wà nínú ilé tipẹ́ kí onílé tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi alákàn sọ àrùn yìí lórúkọ, àwọn òyìnbó sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn. Yorùbá kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wò, wọ́n pè é ní jẹjẹrẹ. Orúkọ méjèèjì dára, àmọ́ kò sí èyí tí ó sọ ohun tí ó burú jù nípa rẹ̀, èyí tí í ṣe bíbí. Ìlú kì í tóbi nítorí iye ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ nìkan. A ní láti yọ iye òkú tí wọ́n ń sin kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ kókó, àwọn sẹ́ẹ̀lì ń bí, wọ́n sì ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń falẹ̀. Nínú irú tí ó yára yìí, ìbí ta ikú yọ réré. Ara tí ó pé ní àwọn adènà tí kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní RB1, ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró títí àsìkò pínpín rẹ̀ yóò fi tó. Èkejì, TP53, ń yẹ sẹ́ẹ̀lì wò, bí ó bá sì rí i pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, a pàṣẹ pé kí ó kú. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí kókó oní-sẹ́ẹ̀lì-kéékèèké 110. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú wọn tí adènà méjèèjì kò ti bàjẹ́. Èéfín sìgá ni ó sábà máa ń wà nídìí ìbàjẹ́ náà, àpá rẹ̀ kì í sì í parẹ́ lọ́jọ́ tí a bá pa sìgá tì. Ewu a máa dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n kì í tán pátápátá. Àádọ́ta ọdún tí Graham kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣe àwáwí.

Ìyára àrùn yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣègùn fi ṣi ilé baba rẹ̀ mọ̀ fún ọdún púpọ̀. Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àrùn náà ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sínú àwọn kókó omi-ara tí ó wà láàárín àyà, ó ti sọ wọ́n di gìrìwò, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá kò fi jọ ohunkóhun mọ́. Wọ́n ní àárín àyà ni ó ti sú yọ. Àfi ìgbà tí W. G. Barnard, ní ìlú London ní ọdún 1926, fi hàn pé ọmọ ẹ̀dọ̀fóró ni. Títí di òní, bí a bá rí aláìsàn mẹ́ta tí irú yìí ń ṣe, yóò ti tàn kọjá àyà lọ sí ẹ̀dọ̀, egungun tàbí ọpọlọ lára nǹkan bí méjì nínú wọn ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé kí a kúkú máa yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò lọ́dọọdún. Wọ́n ti dán an wò. Ìwádìí ńlá kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ènìyàn tí ó lé ní 53,000 tí wọ́n ti mu sìgá gidigidi, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, fi hàn pé fífi ẹ̀rọ CT yẹ àyà wò lọ́dọọdún dín ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n irú oní-sẹ́ẹ̀lì-kéékèèké kò jẹ nínú èrè náà tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọ̀lọ́dẹ bá ń gba ojú ọ̀nà kan kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, arìnrìn-àjò tí ó ru ẹrù, tí ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ni wọn yóò máa pàdé. Ẹni tí ń sáré yóò ti wọ ọ̀nà, yóò ti jáde, láàárín ìkọjá méjì. Lára àwòrán ti ọdún tó kọjá, àyà mọ́. Kí ti ọdún yìí tó pé, aláìsàn ti ń wú ikọ́.

Ó sì yẹ kí a sọ ọ́ fún ìtùnú pé ìyára pàápàá ní ìwọ̀n. Bí òjìji kan bá di ìlọ́po méjì nínú àwòrán X-ray láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àwọn oníṣègùn a máa fura sí òtútù àyà tàbí àkóràn mìíràn kí wọ́n tó fura sí jẹjẹrẹ. Èyí tí kò bá sì yí padà rárá láàárín ọdún méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe apani. Àárín méjèèjì ni àwọn tí a ń bẹ̀rù ń gbé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè fún àwòrán àtijọ́, tí inú àwọn ará ilé fi ń ru pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kì í fi ṣòfò. Àwòrán kan ń sọ bí kókó ti tóbi tó, méjì ni ó ń sọ bí ó ti ń sáré tó.

Ọ̀bẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ irú yìí fún ọ̀pọ̀ aláìsàn láti ọdún 1973, nígbà tí ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí aláìsàn 144 fi hàn pé àwọn tí a yàn fún ìtànṣán pẹ́ díẹ̀ ju àwọn tí a yàn fún iṣẹ́-abẹ lọ. Oògùn ni ó gba ipò rẹ̀. Ohun ìyanu kan wà nínú èyí: ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín ni àwọn oògùn yìí ń rí i mú, nítorí náà jẹjẹrẹ tí ó yára jù ni oògùn kọ́kọ́ ń lù bolẹ̀ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kókó tí ó tóbi bí ọsàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, kí aláìsàn tún máa gun àkàsọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyókù tí ó fara pamọ́ tún bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti ihò kìn-ín-ní. Ní ọdún 2018, wọ́n fi oògùn kan tí ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde kún ti àtẹ̀yìnwá fún àwọn tí àrùn náà ti tàn lára wọn, ìdajì wọn sì kọjá oṣù méjìlá níbi tí ìdajì àwọn tí kò gbà á ti kọjá oṣù mẹ́wàá. Oṣù méjì ni. Ẹni tí kò tíì jókòó ti aláìsàn rí ni yóò ní oṣù méjì kò tó nǹkan.

Ní ọjọ́ tí Graham kú ní St. Louis, Dókítà Gilmore ṣì wà láàyè. Ọdún 24 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí ó ti ń fi ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo mí, tí ilẹ̀ tí ó rà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ṣì ń dúró dè é. Ọdún 1963 ni ó tó kú, jẹjẹrẹ náà kò sì padà tọ̀ ọ́ wá.